Orogún Onírin Inú Ọkọ̀ Búlúù

Mi ò jowú obìnrin rí láyé mi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni létí omi wa. Ọkọ mi dára lọ́kùnrin, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa máa ń pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju bí ẹja ṣe gbà lọ, àmọ́ mi ò kà á sí. Obìnrin wo ló fẹ́ gba ọkùnrin tí òórùn ẹja kì í kúrò lára ẹ̀? Kó mú un lọ. Á dá a padà kílẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mò ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni àyè mi nínú ọkọ̀. Ọkọ mi ló ń tukọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Atukọ̀, tí ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Òun á wà níwájú nídìí sítíárìn, èmi á wà lẹ́yìn nídìí àwọ̀n. Ẹ́ńjìnnì wa ti dàgbà, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnu ran nǹkan kan, nítorí náà oríkèé ìka ni mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá kan pákó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì, kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kó fà sẹ́yìn, àwọ̀n ti há. Pákó tó jókòó lé ló fi ń gbọ́ ọ. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ìdí lòun fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó òun, pé ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í gbàgbé.

Kì í wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò yíjú padà wò mí rí nígbà tí àwọ̀n bá wà nínú omi. Ó ní atukọ̀ tó bá ń wẹ̀yìn kò fọkàn tán ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ràn ẹ̀yìn orí ọkọ mi ju iwájú ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ẹja wọ́n nínú ọ̀sà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ jáde sójú òkun, ọkọ̀ wa kékeré ò sì lè bá òkun ṣeré. Lọ́jọ́ tá a dán an wò, ìgbì kan ṣoṣo ló wọlé tọ̀ wá, garawa la fi gbọ́n ara wa délé. A ta ọkọ̀ náà, a fi owó ẹ̀ kún èyí tá a ti ń tọ́jú, ó wá ku ká lọ yan ọkọ̀ tó tó omi iyọ̀ í wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ lọ, ọkọ mi fá irùngbọ̀n, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kì í wọ̀ bí kò bá sí ìgbéyàwó.

“Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ lọ rà ni, àbí o fẹ́ lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀?” ni mo bi í.

“Ìyá ọmọ mi, ẹni tó bá ń wá ohun tó dáa, á múra.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé òtítọ́ ló ń fi ṣàwàdà.

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà, torí ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dárúkọ iye, kó má bàa dun èèyàn jù. Abẹ́ páànù gíga kan létí omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn ọ̀dà àti epo ẹ́ńjìnnì kún ibẹ̀. Ó fi igi ti àwọn ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n má bàa ṣubú, tábìlì ẹ̀ sì wà láàárín, ẹsẹ̀ tábìlì náà kan kúrú, ó fi agolo ọ̀dà gbé e.

“Tó bá di ti ọkọ̀ omi iyọ̀, ẹ má wo ọ̀dà ara ẹ̀ o,” ló sọ fún wa. “Ọ̀dà dà bí àtíkè, ó ń bo nǹkan. Imú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, bóyá ó ga tó tí ìgbì ò fi ní wọlé. Ẹ wo ìdí ẹ̀, bóyá ó lè la omi. Ẹ wá wo àwọn bóòtù tí wọ́n fi de irin ẹ̀, torí iyọ̀ ò mojú irin kankan.”

Ọkọ̀ funfun kan ni mo kọ́kọ́ rí, ọkàn mi sì lọ bá a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fẹ̀ láyà bí ìyá ọlọ́mọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dé mi ní ìbàdí gẹ́lẹ́, níbi tí èèyàn ti lè fi orúnkún tì í kó sì fi gbogbo ẹ̀yìn fa àwọ̀n. Mo gun inú ẹ̀, mo dúró síbi tí màá máa dúró, mo na ọwọ́ mi. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń romú.

“Èyí tó wa,” ni mo sọ.

Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ọkọ mi ti wà nínú ọkọ̀ búlúù kan tó wà lódìkejì.

Imú ọkọ̀ búlúù yẹn ga, ìdí ẹ̀ sì mú. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú wà lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tó yẹ kí èmi wà: ẹ̀rọ ìfàwọ̀n. Irin ni. Ó ga dé àyà mi, ó sì ní àgbá roboto méjì tí wọ́n fi rọ́bà bò. Àwọ̀n á gba àárín àgbá méjèèjì, ẹ̀rọ á máa fà á wọlé fúnra ẹ̀. Ó ń dán. Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ọjà wò kì í gbọ́wọ́ lé nǹkan báyẹn.

“Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́?” ló bi Ẹlẹ́rìn-ín.

“Rẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Àtàárọ̀ dalẹ́!”

“Ọwọ́ tí kì í rẹ̀,” ni ọkọ mi sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó fi fẹ́ mi nìyẹn. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fa àwọ̀n bàbá mi, ó dúró, ó wò mí títí, ó ní, “Ọwọ́ tí kì í rẹ̀ rèé.” Mi ò tíì mọ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá délé ọkọ. Kò sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀, kò sọ ọ́ fún àbúrò ẹ̀, èmi nìkan ló ni ín. Òun ló wá ń sọ fún irin, irin tí kò bímọ fún un, tí kò bá a gbọ́n omi rí, tí kò jókòó tì í nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀.

Owú gbé mi láyà. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ìba ẹran tó wà láyà tèmi, ọjọ́ yẹn ló tán.

“Ìyá ọmọ mi, wá wò ó!” Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Tá a bá mú èyí, ìwọ á wá máa sinmi nílé. Èmi àti ẹ̀rọ yìí á máa lọ.”

“Ta ló sọ fún ẹ pó rẹ̀ mí?”

“Mi ò sọ pó rẹ̀ ẹ́.”

“Ṣé ìyá àgbàlagbà ni mí tí wọ́n fi ń ní kí n lọ sinmi? Àbí mo ráhùn sí ẹ?”

Ẹlẹ́rìn-ín rántí nǹkan tó fẹ́ wò níbòmíì, ó sì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti ta ọkọ̀ fún tọkọtaya rí.

Mo wọnú ọkọ̀ búlúù náà bí ìyálé tó ń wọ yàrá ìyàwó tuntun, ojú mi ń wá ìdọ̀tí kiri. Mo fi èékánná họ àwọn bóòtù ẹ̀rọ náà, bóyá iyọ̀ ti jẹ wọ́n. Iyọ̀ ò jẹ wọ́n. Mo gbóòórùn abẹ́ ẹ̀, bóyá epo ń jò. Epo ò jò. Mo fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀, ó yí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń retí mi. Ọmọ burúkú náà mọ́ tónítóní.

“Á máa pariwo,” ni mo sọ.

“Ẹ́ńjìnnì wa àtijọ́ ńkọ́?”

“Á máa gba àyè.”

“Ìwọ náà ń gba àyè.”

Ẹ rí i? Ọkùnrin tó ti rí tuntun. Mo ní kó wá wo ọkọ̀ funfun, ó wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ìdí ẹ̀ tẹ́ jù,” ló sọ. “Ọ̀sà ni wọ́n kàn án fún. Ìgbì òkun á máa gbá a lábàrá.”

Òótọ́ ni. Mo ti rí i kí òun tó rí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu ara mi ni kí n fi lé ara mi sílé? Mo ní ọkọ̀ tó ń jẹ àbàrá ló ń gbọ́n.

Ẹlẹ́rìn-ín padà wá, ó ní ká má bá ara wa jà lórí ilẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yàn lórí ilẹ̀. Ó ti méjèèjì sómi.

Ọkọ̀ funfun la kọ́kọ́ gbé jáde. Nínú ọ̀sà, ó ń lọ bí orí ìbùsùn, mo sì ń wo ọkọ mi pé ṣó o rí i. Bá a ṣe kan ìgbì àkọ́kọ́ lẹ́nu òkun, ìdí ẹ̀ bálẹ̀ gbàà! Eyín mi pàdé ara wọn. Gbàà! Omi gun imú ọkọ̀ wá, ó dà sí mi lórí, ó já gèlè mi sílẹ̀.

“Ṣó tẹ́ ẹ lọ́rùn?” ni ọkọ mi kígbe láti iwájú.

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an!” ni mo dáhùn, omi ń ṣàn bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ẹlẹ́rìn-ín tó wà pẹ̀lú wa ò rẹ́rìn-ín. Mo mọrírì ẹ̀ fún ìyẹn.

Nígbà tó kan ọkọ̀ búlúù, mo gbàdúrà pé kó dójú tì wá lójú agbami. Kò dójú tì wá. Ó la ìgbì bí ọ̀bẹ ṣe ń la ọṣẹ, omi tó bá sì wọlé ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde lọ fúnra ẹ̀. Ọkọ mi wà nídìí sítíárìn, èjìká ẹ̀ ti gbòòrò sí i. A ju àwọ̀n tí Ẹlẹ́rìn-ín gbé dání, a dúró díẹ̀, ó wá ní kí n súnmọ́ ẹ̀rọ.

“Màmá, ẹ fi ọwọ́ kan ọ̀pá yìí. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, á fà. Tẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á tú u. Tó bá há, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n lára ọ̀pá. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pá ìtukọ̀ kékeré ni. Ẹni tó bá wà nídìí àwọ̀n lè fi darí ọkọ̀ láì dé iwájú.”

Mo mú ọ̀pá náà bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ orogún: ó wà lọ́wọ́ mi, kò sí lára mi. Mo gbé e sókè. Àgbá méjèèjì gba àwọ̀n mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n dúró. Mo tún gbé e díẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀pá yẹn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, gbogbo ohun tí àwọ̀n ń ṣe nísàlẹ̀ omi ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú okùn. Ibi tó wúwo, mo rọra. Ibi tó fẹ́ há, mo tú u kó tó há. Ẹ̀rọ náà kì í ṣàgídí. Ohun tí mo bá rò ló ń ṣe.

Àwọ̀n fà sápá òsì. Mo fi ọwọ́ kejì ti ọ̀pá ìtukọ̀ kékeré, ọkọ̀ yí imú ẹ̀ síbẹ̀. Mo dúró nígbà tó yẹ kí n dúró, mo lọ nígbà tó yẹ kí n lọ. Ẹja ń wọlé, ó ń tàn, ó ń ta pọ́nkán lẹ́sẹ̀ mi, ẹ̀yìn mi ò sì dùn mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀yìn máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Mo gbàgbé pé mò ń bínú. Mo gbàgbé Ẹlẹ́rìn-ín. Mo sì gbàgbé láti kan ọkọ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi ti wẹ̀yìn.

Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí sítíárìn tí èèyàn kankan ò lò. Ó ti jókòó síbẹ̀ tó ń retí kí n kan pákó, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ohunkóhun, kò gbọ́ nǹkan kan, ọkọ̀ sì ń yí lábẹ́ ẹ̀ láì bi í. Ó ń wo ọwọ́ mi lórí ọ̀pá. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí èmi náà fi wò ó láàárọ̀ ni.

“Ẹ ẹ̀ rí i, Màmá!” Ẹlẹ́rìn-ín pàtẹ́wọ́. “Pẹ̀lú ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan lè lọ sójú òkun kẹ́ ẹ sì padà dé!”

Ọkùnrin yẹn ìbá ti dákẹ́.

Ọkọ mi yíjú síwájú, ó tukọ̀ padà sétí omi. Ẹlẹ́rìn-ín fo bọ́ sílẹ̀ lọ so okùn. Àwa méjèèjì ṣì wà nínú ọkọ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ti kú.

“Èwo lẹ máa mú, Atukọ̀?” ni Ẹlẹ́rìn-ín bi í látorí ilẹ̀.

“Funfun.”

“Funfun kẹ̀? Èyí tó gbá yín lábàrá?”

“Eléyìí ń pariwo,” ni ọkọ mi sọ. “Ẹ̀rọ ẹ̀ sì ń gba àyè. Funfun yẹn ni ìyàwó mi fẹ́.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ mi láàárọ̀ ló kó jọ, ó gbé e wọ̀ bí aṣọ. Ohun tí mo gbàdúrà fún rèé. Màá gba àyè mi padà, màá máa fi orúnkún ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn á máa dùn mí, ọkọ mi ò sì ní lẹ́nu láti ní kí n jókòó sílé. Ó yẹ kí n ki í kú ọpọlọ. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó: láàárọ̀, èmi ló nà, ní báyìí, ó ti kan òun. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó dùn mọ́ mi díẹ̀. Èmi kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn orí ẹ̀, ẹ̀yìn orí tí mo ti ń wò láti ìgbà tó dúdú títí ewú fi wọ̀ ọ́. Ó ti sọ orí kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ò sì tíì kúrò lórí ọ̀pá ẹ̀rọ. Mi ò fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí: mo fẹ́ irin yẹn, mo sì fẹ́ ọkùnrin yẹn, ọkàn mi ò gbà pé kí ọ̀kan lé èkejì jáde.

Mo kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ́ńjìnnì ti kú o. Okùn ti wà lára òpó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ mi fò lọ sórí ọ̀pá tó fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní iná, ó tì í síwájú, kó tó rántí pé kò síbi tá à ń lọ. Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wo ọwọ́ ara ẹ̀, ìgbà yẹn ni èjìká ẹ̀ wá gbọ̀n, mo mọ̀ pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyá ọmọ mi,” ló sọ láì wẹ̀yìn, “èwo ni ká mú?”

Àtàárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó bi mí.

“Èyí,” ni mo sọ. Mo wá pe Ẹlẹ́rìn-ín. “Gbé sípánà wá. Kó o tú ọ̀pá ìtukọ̀ kékeré yìí kúrò lẹ́yìn níbí.”

Ẹ̀rín ọkùnrin náà gbẹ. “Màmá! Ohun tí àwọn èèyàn tìtorí ẹ̀ ń wá ọkọ̀ yìí nìyẹn!”

“Kí wọ́n máa wá a. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Tú u.”

Ó tú u. Ihò tí bóòtù ẹ̀ fi sílẹ̀, a fi pákó pẹlẹbẹ kan bò ó, orí pákó yẹn ni mò ń dúró sí tí mo bá ń fa àwọ̀n. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, sítíárìn wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹ́ńjìnnì tuntun yìí ò tiẹ̀ pariwo tó bẹ́ẹ̀, mo lè fi ẹnu sọ̀rọ̀ kó gbọ́, àmọ́ mo ṣì ń kan ọkọ̀.

Àwọn ará etí omi ní ìfẹ́ wa tún ti le sí i. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí: nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, mo wọ́ ọ tẹ̀ lé ọkọ mi, nígbà tí ikọ́ mú un tí ohùn ẹ̀ há, ó wé ṣọ́ọ̀lù mi mọ́rùn, ó bá mi lọ. Wọ́n ń fi wá ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣé kí n wá sọ pé ẹ̀rù ń ba oníkálukú kí ẹnìkejì má lọ dá wà pẹ̀lú ọkọ̀ búlúù?

Ọ̀pá ìtukọ̀ kékeré yẹn, mo ní ká fi í sílẹ̀ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní ohun tá a ti san owó ẹ̀ ni. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e délé, ó fi àpò wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní apá ibi tó ń sùn sí. Tí mo bá ń gbálẹ̀ yàrá láàárọ̀, mo máa ń na ìgbálẹ̀ lọ síbẹ̀, kí n kàn mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Orí irin ni ìgbálẹ̀ máa ń kàn. Bó bá sì ti kàn án báyìí, ohùn ọkọ mi á jáde láti pálọ̀.

“Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?”

“Ìdọ̀tí ni mò ń gbá.”

Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Òun náà ń gbá ibẹ̀ tí mi ò bá sí nílé.